Ẹjọ́ Ìbàdí Ranald

Glen Ruthie,
Southland, New Zealand.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta, 1987.

Euan ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn. Má wulẹ̀ kà á fún mi, mo mọ̀ ọ́n kà. Inú ló ń bí mi. Ọmọ tí mo kọ́ ní wíwa kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tí mo ti ń rò pé yóò jókòó lẹ́yìn ẹṣin mi nígbà tí mo bá darúgbó, òun ló gba Australia lọ láti lọ di adájọ́ pápá ìdíje ẹṣin. Ọlọ́pàá ẹṣin lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ báyìí tó mú kí n máa rò pé bóyá Ọlọ́run ló rán ọ lọ.

Ilé ò burú. Òtútù ti tètè dé, yìnyín ti ń bo koríko láàárọ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í da aṣọ bo àwọn ẹṣin. Ẹ̀gbọ́n rẹ Ranald wà nítòsí fèrèsé ilé ìdáná lórí àga onítáyà rẹ̀. Ìwé ìròyìn ló ń kà. O mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Noel Strang ti kó kúrò níbí. Ó ti lọ sí Victoria, ó ń wa ẹṣin fún ilé ẹṣin kan ní agbègbè Bendigo, lórí àwọn pápá tí ìwọ gan-an ń dá ẹjọ́ wọn.

O kò sí nílé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, Dunedin lo wà, nítorí náà jẹ́ kí n tún un sọ kí ó lè wọ̀ ọ́ létí dáadáa. Kọ́nà ìkẹyìn ni. Ranald wà lápá inú pápá, Strang wà lápá òde. Strang fẹ́ wọlé síwájú Ranald, àyè ò sì tíì tó. Táyà rẹ̀ kọ́ táyà Ranald. Abo ẹṣin wa wó lulẹ̀, Ranald fò jáde, ẹṣin méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ fọ́ yányán. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn adájọ́ pápá jókòó, kò tó wákàtí kan, wọ́n ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Afọ́jú ni gbogbo wọn. Mo wà nínú yàrá ìgbẹ́jọ́ yẹn, mo jà títí ohùn mi fi há. Strang dé fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì tún wa ẹṣin nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ìwọ lo wà lórí àga báyìí. Dúró dè é. Yóò tún ṣe é, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà wa ẹṣin. Lọ́jọ́ tó bá ṣe é, gé e kúrò lórí pápá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wattie Geddes.


Bendigo, Victoria.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹta, 1987.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Bùọ̀dá Ranald. Mo dúpẹ́ pé ẹ rántí pé mo wà láyé. Mo kọ lẹ́tà márùn-ún láàárín oṣù mẹ́rìnlá yẹn, mo sì fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́. Noel Strang ló wá jẹ́ kí ẹ rí bírò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dùn mí.

Mo ti rí i. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́, mo ń yẹ fìlà irin àwọn awakẹ̀kẹ́ wò, ẹnìkan bá ní, "Ṣé ọmọ Wattie nìyí? Báwo ni Ranald?" Bí mo ṣe yíjú báyìí, òun ni. Ó ti sanra díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo ń kọ nǹkan sínú ìwé mi títí tó fi mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà mo wo ohun tí mo kọ, kò ṣeé kà.

Ṣùgbọ́n Bàbá, iṣẹ́ wa kò rí bí ẹ ṣe rò ó. Àwa mẹ́ta là ń jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Lanigan ni ọ̀gá, ọ̀gbẹ́ni Pell tẹ̀ lé e, èmi ni mo kéré jù. A ó wo fídíò. A ó bi àwọn awakẹ̀kẹ́ léèrè. Ẹni tó bá dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìkíyèsára, a ó lé e kúrò lórí pápá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni a ń sọ ti oṣù. A kì í fi inú bíbí wọ̀n ọ́n.

Òru ọjọ́ tí mo rí i yẹn, n kò sùn, mo kàn jókòó ni. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má bàa rò pé mo ti gbàgbé.

Ẹ sọ fún Bùọ̀dá kó kọ ìlà kan péré sí mi. Láti ọdún mẹ́rin, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi bó ṣe wà.

Èmi ni ọmọ yín,
Euan.


Glen Ruthie.
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kẹrin, 1987.

Euan,

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó fọ́ ìbàdí ọmọ ìyá rẹ, o ń bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Ranald fi wà lórí àga? Àwọn èèyàn ibẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìwà jẹ́jẹ́, o ti ń sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé báńkì.

Ó bi ọ́ pé báwo ni Ranald, àbí? Gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ẹni tó ṣe ni lóṣé, tó tún ń béèrè ojú egbò.

Jẹ́ kí n kọ́ ọ ní nǹkan kan, nítorí pé mo ti wa ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Strang fún ọdún mọ́kànlá, fídíò yín kò tíì mọ̀ ọ́n tó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń bojú wẹ̀yìn. Bí ó bá ti wo ẹ̀ẹ̀kan, ó gbà pé òun ti mọ ibi tí gbogbo ayé wà. Má wo orí ẹṣin rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kó o máa wò. Ọwọ́ òsì yẹn yóò ti fa okùn ìjánu kí táyà rẹ̀ tó kọjá ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni kó o ti dá fídíò náà dúró lójú gbogbo wọn.

Mo sọ fún Ranald pé kó kọ̀wé. Ó ní òun ò ní ohun tí òun fẹ́ kọ. Ó ní kí n kí ọ. Ẹran àgùntàn la jẹ lónìí, ó jẹ díẹ̀.

Má jẹ́ kí n kú kí n tó gbọ́.

Bàbá rẹ.


Bendigo.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Karùn-ún, 1987.

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo kí yín, mo kí Bùọ̀dá.

Ó ti ṣe é. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ìdíje karùn-ún. Obìnrin awakẹ̀kẹ́ kan wà níbí tó ń jẹ́ Merle Hanrahan, ẹni àádọ́ta ọdún, ó ti ń wa ẹṣin kí wọ́n tó gbà kí obìnrin máa bá ọkùnrin díje. Apá inú pápá ló wà. Strang wọlé síwájú rẹ̀ ní kọ́nà kejì, táyà kọ́ táyà, Merle ṣubú. Egungun èjìká rẹ̀ ló ṣẹ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i, wọ́n yà fún un.

A pè wọ́n wọ yàrá. Merle kọ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù kó tó wá. Wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ẹ kúkú mọ àṣà ẹ̀yin awakẹ̀kẹ́. Ẹni tó ṣubú kì í dárúkọ ẹni tó bì í ṣubú nínú yàrá yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Lanigan ní, "Merle, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Ẹṣin mi ló yà lójijì, sà. Ó rí nǹkan."

"Kí ló rí?"

"Ẹ bi ẹṣin náà léèrè, sà."

Pell rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo tan fídíò náà, mo sì dá a dúró gan-an níbi tí ẹ wí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti fa okùn. Táyà rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹṣin Merle. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Strang, ṣé o bojú wẹ̀yìn?"

"Mo wò ó, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Mo rò pé mo ti kọjá rẹ̀." Ó wo Merle, ó ní, "Àìkíyèsára ni, sà. Mo jẹ̀bi. Ẹ má dààmú obìnrin yìí mọ́, ẹ jẹ́ kó lọ sí ọsibítù."

A ní kí wọ́n bọ́ síta. Lanigan ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó gbà pé òun jẹ̀bi." Pell ti ń wá fìlà rẹ̀. Mo ní rárá. Mo sọ̀rọ̀, Bàbá, mo sọ ọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ní ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lòun ń wẹ̀yìn, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún, kò ṣeé pè ní aláìkíyèsára mọ́, ó ti mọ̀ọ́mọ̀ di afọ́jú. Mo fi fídíò hàn wọ́n nígbà mẹ́sàn-án. Lanigan wá wò mí pé, "Geddes, ṣé ohun kan wà láàárín ìwọ àti ọkùnrin yìí?" Mo ní kò sí, àgbègbè kan náà la ti wá, ìyẹn nìkan ni.

Oṣù mẹ́fà ni a fún un. Nígbà tí Lanigan kà á sí i létí, Strang ò wo Lanigan. Èmi ló wò. Ó mọ̀.

Mo lọ ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo jẹ ẹ́ tán pátá. Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti dùn lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún Bùọ̀dá. Ẹ sọ fún un pé wọ́n ti gbẹ̀san rẹ̀.

Ọmọ yín,
Euan.


Glen Ruthie.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 1987.

Euan, ọmọ mi gidi, ọmọ Geddes,

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ó gbẹ. Mo ka lẹ́tà rẹ ní ẹnu géètì, lójú òjò, títí tí íńkì fi ń ṣàn. Mo gbé e lọ sí ilé ọtí, mo kà á sókè fún gbogbo wọn. Àwọn tó ti ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, lọ́jọ́ yẹn wọ́n ra ọtí fún mi.

Oṣù mẹ́fà. Kí ebi pa á. Kí ó máa wo ẹṣin láti ẹ̀yìn ọgbà bí Ranald ṣe ń wò ó.

Kò sì tán síbẹ̀. Mo ní kò yẹ kó jìyà kó má mọ ibi tí ìyà ti wá. Mo kọ̀wé sí Strang fúnra rẹ̀, mo fi í ránṣẹ́ sí ilé ẹṣin tó ń bá ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ mi ló dá a lẹ́jọ́, pé láti oṣù kẹta ni mo ti ní kí o dúró dè é. Mo fẹ́ kó jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó máa kà á.

Mo ka tìrẹ fún Ranald lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní kí n gbé òun lọ sórí ibùsùn. Ayọ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Wattie.


Bendigo.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 1987.

Bàbá,

N kò ní kí yín lónìí, ẹ má bínú. Kí lẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn gan-an? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi ní gbólóhùn gbólóhùn, kíá. Strang ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ Kẹtàlélógún oṣù yìí ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Lọ́ọ́yà rẹ̀ sọ fún Lanigan pé òun ní ìwé kan lọ́wọ́.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kò sí nǹkan kan láàárín wa.

Euan.


Bendigo.
Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà, 1987.

Bàbá,

Ẹ ò dáhùn. Mo sì mọ̀ pé bébà ìkọ̀wé kò wọ́n ní Southland.

Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Lọ́ọ́yà náà ka lẹ́tà yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tilẹ̀ ka ibi tí ẹ ti ní kí ebi pa á. Lanigan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, etí rẹ̀ pọ́n. Wọ́n bi mí bóyá Ranald Geddes jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi. Wọ́n fagi lé oṣù mẹ́fà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún un, ó sì ti lo èyí tó ju ìyẹn lọ, nítorí náà Sátidé tó ń bọ̀ yóò wa ẹṣin. Èmi ni wọ́n lé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni mo dá káàdì mi padà. Lanigan kò bú mi. Ó kàn ní òun ì bá ti gbé mi kúrò nínú ẹjọ́ náà ká ní mo sọ, òun náà ì bá sì fún un ní mẹ́rin.

Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìyẹn ti lọ.

Nígbà tí lọ́ọ́yà náà ka lẹ́tà yín tán, ó tún mú ìwé mìíràn jáde. Àkọsílẹ̀ ìwádìí ọdún 1983 ni, ti ọjọ́ tí Bùọ̀dá ṣubú. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn adájọ́ mọ irú ìdílé tó ń lépa oníbàárà òun. Mo gba ẹ̀dà rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe wà:

"Ọ̀gbẹ́ni W. Geddes, olùkọ́ ẹṣin náà, ní: Abo ẹṣin yẹn máa ń fà sínú, ọmọ mi sì mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le jù lórí okùn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà lẹ́yìn ẹṣin yẹn, kò ní ṣubú. Noel fún un láyè. N kò ní ẹjọ́ kankan sí Noel."

Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣì máa ń kọ W yín bí ẹni pé ẹṣin tẹ̀ ẹ́.

Ẹ sọ fún mi pé ẹ jà títí ohùn yín fi há. Ọdún mẹ́rin lẹ fi ń sọ fún mi pé àwọn adájọ́ afọ́jú. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe di adájọ́, Bàbá, kí n lè jẹ́ ọ̀kan tó ríran. Bùọ̀dá wà nínú ọkọ̀ ọsibítù nígbà tí ẹ ń sọ èyí. Ṣé ó mọ̀?

Euan.


Bendigo.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje, 1987.

Ọ̀gbẹ́ni Geddes,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹ ò dá mi lóhùn. Ilé ìkẹ́rù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àpótí èso ni mo ń gbé, nítorí náà mo ní àkókò láti ronú.

Ẹ̀dà ìwé náà wà lórí tábìlì mi nínú àpò ìwé tí mo ti kọ orúkọ Ranald sí. Mo ti lẹ sítáǹbù mọ́ ọn.

Euan.


Glen Ruthie.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹjọ, 1987.

Euan ọmọ mi,

Mo bẹ̀ ọ́. Má fi ìwé yẹn ránṣẹ́.

Mo kí ọ. Ó yẹ kí n ti kí ọ kí n tó bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí nínú ìkíni. Wọn ò kí mi nílé ọtí mọ́. Ìròyìn ti dé ibí ṣáájú lẹ́tà rẹ.

Ohun tí wọ́n kà sí ọ létí, èmi ni mo sọ ọ́. Gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n pè wá wọ yàrá kí ọkọ̀ ọsibítù tó jáde ní géètì. Dókítà pápá sọ fún mi pé ẹsẹ̀ Ranald ló rọ́, pé yóò sùn ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, mo fi Bíbélì búra. O mọ yàrá yẹn. Ẹni tó bá dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, wọ́n á há a mọ́ apá inú pápá, kò sẹ́ni tí yóò ṣí ọ̀nà fún ẹṣin rẹ̀ títí òpin ọdún. Ẹṣin mẹ́sàn-án ni mo ní nígbà náà. Mo ní Noel fún un láyè. Èmi rò pé ó parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní, "Wattie, táyà kì í dédé kọ́ táyà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi." Wọ́n fẹ́ orúkọ kan. Mo gbé ẹ̀bi náà wá sílé ara mi, nítorí mo rò pé nílé ara mi ni mo ti lè tún un ṣe. Ranald ì bá bínú, ì bá gbá mi ní ẹ̀ṣẹ́, a ì bá jùmọ̀ mu bíà. Aago mẹ́rin ni mo fọwọ́ sí ìwé. Aago mẹ́fà ni wọ́n pè láti ọsibítù Invercargill.

Mo padà lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ìwé ti wà nínú ìwé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra Strang, nítorí pé ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú yàrá yẹn, ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́.

Euan, Ranald ò mọ̀. Èmi ni mo ń gbé e láti orí ibùsùn sórí àga láàárọ̀, èmi ni mo ń gbé e padà lálẹ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn mi ti bàjẹ́, n kò lè tẹ̀ mọ́ bí mo ti ń tẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò bá mi ṣe é. Bí ó bá ka ìwé yẹn, ọwọ́ ta ni yóò gbà kó gbé e?

Gbogbo ohun tó bá wù ọ́ kó o fi mí ṣe, fi mí ṣe é. Ìyẹn nìkan ni kó o má ṣe.

Bàbá rẹ ni mo jẹ́ síbẹ̀.
Wattie.


Bendigo.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹjọ, 1987.

Bàbá,

Mo ka tiyín. Mo gbà pé ẹ ò mọ̀ pé ìbàdí ni nígbà tí aago mẹ́rin lù. Ìyẹn ni mo kà sí àìkíyèsára, bó bá sì jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ì bá tó yín. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́fà ni ẹ ti mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ẹ ti fi mọ̀. Ẹ rán mi lọ gbẹ̀san ohun tí ẹ̀yin fi ọwọ́ sí, ẹ sì jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi san án. Ìyẹn kì í ṣe àìkíyèsára mọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ̀yin sì lẹ gbé mi dé kóòtù.

Nítorí náà ẹjọ́ yín rèé. Títí di ọjọ́ ìkẹyìn oṣù yìí ni mo fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kà á sí Bùọ̀dá létí, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ ti fi ṣúgà sí. Mo fi ẹ̀dà kan sínú lẹ́tà yìí kí ẹ má bàa sọ pé ẹ ti gbàgbé. Bí n kò bá gbọ́ láti ẹnu Bùọ̀dá kí oṣù kẹsàn-án tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, èmi yóò fi tèmi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ bi mí pé ọwọ́ ta ni yóò gbà kó gbé òun. Ó yẹ kí ẹ ti bi ara yín bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Mo fẹ́ kó dùn yín. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má wá ìtumọ̀ mìíràn sí i.

Euan.


Glen Ruthie.
Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kẹsàn-án, 1987.

Euan,

Mo kí ọ. Ranald ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mú bírò, fara da ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Bàbá ka ìwé náà fún mi lánàá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó bọ́ fìlà. Ó kà á dé ibi tó ti ní ọwọ́ mi le jù lórí okùn, ó dúró, mo ní kó máa kà lọ. Nígbà tó parí, ó sunkún. N kò rí i kó sunkún nígbà tí Ìyá kú. Mo jẹ́ kó sunkún tán, mo wá ní kó gbé mi lọ sórí ibùsùn. Ó gbé mi.

Euan, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo wà ní ọsibítù ni Noel Strang wá. Ó dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn mi, ó ní, "Ranald, èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nínú yàrá yẹn, bàbá rẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo sì ya ojo." Ó wá ròyìn ohun tí Bàbá sọ nínú yàrá náà fún mi, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Mo lé e jáde. Mo wá ń retí kí Bàbá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kẹrin, ó ní àwọn adájọ́ afọ́jú.

Nígbà òtútù ọdún 1985, nọ́ọ̀sì kan máa ń wá láti Invercargill. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè fi apá mi gbé ara mi láti orí ibùsùn sórí àga. Kò pé oṣù kan tí mo fi mọ̀ ọ́n. N kò sọ fún Bàbá. Bí ó bá ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹṣin ní ìdájí, mo máa ń gbé ara mi sórí àga, mo ń po tíì, mo ń wẹ ife, mo sì ń padà sórí ibùsùn kó tó wọlé. Láàárọ̀ yóò tẹ̀, yóò ki ọwọ́ sí abẹ́ mi, n ó sì dẹ gbogbo ara mi lé e lọ́wọ́ kí n lè wúwo. Mo ń gbọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró. Mo ti pinnu pé yóò máa gbé mi títí ẹnu rẹ̀ yóò fi ṣí fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ogún ọdún.

Ìwọ lo wá fipá ṣí i. O fún un ní ọjọ́, bí ẹ ti ń fún awakẹ̀kẹ́. Nínú gbogbo lẹ́tà tí ìwọ àti òun kọ síra yín nípa ìbàdí mi, kò sí èyí tó bi mí ohun tí mo fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kó sọ ọ́ láìsí ẹni tó fi nǹkan halẹ̀ mọ́ ọn. O ti gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, n kò sì ní rí i mọ́ láéláé. Má rò pé mo dárí jì ọ́.

Láàárọ̀ yìí, kó tó dé, mo ti wọṣọ, mo ti jókòó sórí àga. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú bó ṣe máa ń ṣe. Ó wò mí. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mo sọ fún un. Ó ń fi ìka ka oṣù náà, ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ibùsùn mi.

Ìgbà tó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ranald, jọ̀ọ́, fà mí dìde."

Ó ti lé ní wákàtí kan báyìí. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí sí ọ. N kò tíì na ọwọ́ sí i.

Ranald.